Owó Ogun, Èrè Ta Ni?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, níbi ìnáwó, àti lẹ́nu àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn láàárọ̀, pé ogun a máa mú ọrọ̀ ajé ìlú gbèrú. Wọn á ní ogun Hitler ló sọ Amẹ́ríkà di ọlọ́rọ̀. Wọn á ní kò pẹ́ tí ogun Bìáfírà parí ni owó ya wọ Nàìjíríà. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi í yangàn: ṣebí ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń jagun ni àwọn baba wa n'Ìjẹ̀bú ń kówó jọ? Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe n'Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ìwé àwọn oníṣòwò Òkè Àjẹ, ti àwọn oníbúrẹ́dì, ti àwọn tó ń ta irin àti símẹ́ǹtì, gbogbo wọn ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi ni pé owó tó wọlé kò tíì di èrè títí a ó fi rí èyí tó jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yin ogun, ojú ewé tó kan ẹni tó tajà nìkan ni wọ́n kà.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà ní apá kan, Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà ṣáájú ní apá kejì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú bùdó ká. Ọdún 16 gbáko! Ogun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í yó. Ìbọn ló ń jẹ, ẹ̀tù ló ń jẹ, iyọ̀ ló ń jẹ. Èkó ni ìbọn òyìnbó ti ń wọlé. Ó ń gba ojú ọ̀sà dé Èjìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì dábùú ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn. Àwọn baba wa kò jẹ́ kí ará òkè sọ̀ dé etí ọ̀sà, wọn kò sì jẹ́ kí ará Èkó gòkè kọjá. Ẹnu ibodè bíi Òrù ni ọjà ti ń pàdé. Ará òkè á kó epo, èkùrọ́ àti ẹrú wá. Ìjẹ̀bú á kó iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù sílẹ̀. Oníbodè á gba tirẹ̀ ní àlọ, á tún gba tirẹ̀ ní àbọ̀.

Bí a bá ka ìwé Ìjẹ̀bú nìkan, ogun náà mówó wá lóòótọ́. Ká wá ṣí ìwé Ìbàdàn àti ti Èkìtì. Oko di igbó nítorí pé àwọn tó yẹ kó ro ó wà ní bùdó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kó tó parí. Kí sì ni wọ́n fi ń ra ìbọn ọ̀hún? Púpọ̀ nínú owó náà, ènìyàn tí wọ́n kó lójú ogun ni. Ẹni tó lè gbin iṣu, tó lè hun aṣọ, tó lè bímọ, wọ́n sọ ọ́ di owó ẹ̀tù, ẹ̀tù náà sì jóná ní ìṣẹ́jú akàn. Bí a bá ro ìwé gbogbo wọn pọ̀, ilẹ̀ Yorùbá kò rí èrè kankan níbẹ̀. Owó kàn ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tà ni, púpọ̀ sì ṣòfò lójú ọ̀nà.

Ìjẹ̀bú pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Àwọn oníṣòwò ní ọ̀nà tó tì kò ní èrè nínú, kí wọ́n ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1883 ọba fi Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ rí i pé láàárín àwọn tí à ń pè ní olùjèrè ogun gan-an, ó ní ẹni tó ń jèrè, ó ní ẹni tó ń jẹ gbèsè.

Ìgbà tó yá, èrè ọ̀hún fa ogun tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó fẹ́ kí ọ̀nà là kí ọjà wọn lè dé òkè tààrà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1892, lábẹ́ Gómìnà Gilbert Carter, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú fọwọ́ sí ìwé l'Ékòó pé ọ̀nà yóò ṣí, owó ibodè yóò dópin, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àdéhùn náà kò gbó. Nígbà tó di oṣù Èbìbí ọdún náà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì pàdé àwọn ará wa ní Ìmàgbọn ní 19 oṣù náà. Gbogbo ìbọn tí owó Kírìjí rà kò lè dúró níwájú ìbọn Maxim. Wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ibodè sì dópin. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Abẹ́òkúta ló gbà, ó dé Ìbàdàn ní 1901, kò yà sọ́dọ̀ wa. Ẹrù tó jẹ́ pé àfi kó gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú tẹ́lẹ̀ wá ń gba orí irin kọjá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún ìlú tí wọ́n ní ogun sọ di ọlọ́rọ̀.

N kò sọ pé owó tí a ná sí ẹ̀tù kì í dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìdílé àwọn balógun á gun ẹṣin tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọn á yin ṣakábùlà sókè níwájú ààfin, èéfín á bo ojú, òórùn ẹ̀tù á gba gbogbo pápá. Owó gidi ni wọ́n ná sí ẹ̀tù yẹn. Ẹni tó tà á fún wọn jèrè, ó sì lè fi èrè náà san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé ẹbí tí mo ti bá wọn tò, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ka owó ẹ̀tù mọ́ dúkìá. Ìnáwó ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì mọ̀ pé ayọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn fi rà. Ìjọba nìkan ló máa ń yìnbọn tán tí á ní òun ti dókòwò.

Ogun Hitler kò jà n'Ìjẹ̀bú, àmọ́ ó wọ ilé ìdáná wa. Gàrí Ìjẹ̀bú wà lára ohun tí Èkó ń jẹ, Èkó sì kún fún ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́. Kí oúnjẹ má baà wọ́n ni ìjọba ṣe dá iye sí ọjà, tí wọ́n fi Káfúténì Pullen ṣe alákòóso rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá mọ gàrí dáadáa, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọn á wú ẹ̀gẹ́, wọn á bó o, wọn á rin ín, wọn á dì í sápò, wọn á gbé òkúta lé e lórí fún ọjọ́ mélòó kan títí omi yóò fi ro tán tí yóò sì kan bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó dín in nídìí agbada pẹ̀lú èéfín lójú. Igi ìdáná wọ́n, owó mọ́tò wọ́n, aṣọ àti iyọ̀ wọ́n nítorí ogun, àmọ́ iye gàrí nìkan ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Gàrí sá kúrò lójú ọjà, ó di ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ṣáájú wọn, takú pé àwọn ò gbà. Ní oṣù Òkúdu 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gùn lé ìyanṣẹ́lódì ńlá, tí orúkọ Michael Imoudu fi kàn káàkiri, nítorí pé owó oṣù wọn kò ra nǹkan mọ́. Ìwé ìròyìn ìgbà náà lè sọ pé iṣẹ́ pọ̀ l'Ékòó. Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́. Ohun tí owó iṣẹ́ lè rà ló dínkù.

Ọ̀rọ̀ kòkó tún jìn ju ti gàrí lọ, ó sì kan àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti gbogbo ìgbèríko wa. Nígbà ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba títà kòkó kúrò lọ́wọ́ ọjà, ní 1942 wọ́n sì gbé e fún West African Produce Control Board. Àwọn ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Bí wọ́n bá tà á lókèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àjẹṣẹ́kù ń jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n dá Cocoa Marketing Board sílẹ̀ ní 1947, owó náà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún kó òmíràn lé e. Ní 1954 ó kan àwọn ẹkùn, Ìwọ̀ Oòrùn gba tirẹ̀. Nínú irú owó kòkó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti rí ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun náà la sì rí lára Ilé Kòkó n'Ìbàdàn.

Ẹnìkan á wá ní: ẹ ò rí i, ogun ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún wa. Mo gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ náà dára, èmi náà sì jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun ló gbin kòkó. Àgbẹ̀ ló gbin ín, owó rẹ̀ ni wọ́n sì dá dúró láì bi í. Bí wọ́n bá fún un ní iye tó tọ́ sí i ní 1943, bóyá á ra ilẹ̀ sí i, bóyá á rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 12 ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. A kò lè ya fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ tí àgbẹ̀ yẹn kò rí kọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi sí nínú ìtàn. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé ogun parí ní 1945, àmọ́ ìjọba kò dá ọjà padà fún àgbẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù yẹn ń dá iye lé kòkó lórí títí di 1986. Ọwọ́ tó bá ti mọ́ ìjọba lára nígbà ogun, ó máa ń ṣòro kó tó ká a kò.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Òótọ́ wà nínú ìtàn náà. Ní 1939, nínú òṣìṣẹ́ 100, bíi 17 ni kò ríṣẹ́. Ní 1944 kò tó 2. Ilé iṣẹ́ tó ti ń sùn jí. Ṣùgbọ́n ju mílíọ̀nù 10 ènìyàn lọ ni wọ́n wọṣọ ogun nígbà náà. Bí ìjọba bá kó gbogbo ọ̀dọ́ Òkè Àjẹ sí bárékè lọ́la, kò ní sí aláìríṣẹ́ níbẹ̀ náà. Láti oṣù Èrèlé 1942 ni wọn kò ti ṣe mọ́tò fún ará ìlú mọ́ títí di 1945. Ṣúgà, epo bẹntiróòlù àti táyà, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń rà á. Owó wà lápò, ọjà kò sí. Ìgbà wo ni ara wá dẹ àwọn ènìyàn? Lẹ́yìn ogun ni, nígbà tí ìjọba gé ìnáwó rẹ̀ sí ohun tí kò tó ìlàjì láàárín ọdún méjì, tí ilé iṣẹ́ padà sí mọ́tò àti fìríìjì. Bọ́ǹbù kò sì já lu àwọn ìlú ńlá wọn. Bó bá jẹ́ pé ìnáwó ogun ló ń sọni di ọlọ́rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó náwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó tún borí, ìbá ti là ju ẹnikẹ́ni lọ. Àmọ́ 1954 ni wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ. Gbèsè bílíọ̀nù 3.75 dọ́là tí wọ́n jẹ Amẹ́ríkà ní 1946, ìparí 2006 ni wọ́n tó san án tán.

Tiwa ńkọ́? Ogun abẹ́lé jà láti oṣù Agẹmọ 1967 dé oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Kọmíṣánnà ètò ìnáwó, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbogbo wa la sì mọ orin iyì tí wọ́n fi ń kì í pé ó bójú tó ogun náà láì yáwó lókèèrè. Gẹ́gẹ́ bí oníṣirò owó, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó dín ọjà òkèèrè kù, ó di owó òkèèrè mú, ó yáwó lọ́wọ́ àwọn báǹkì ilé, wọ́n sì pààrọ̀ owó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1968. Ṣùgbọ́n àìyáwó lókèèrè kì í ṣe àìsanwó. Àwa nílé la san án. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn dìde lórí owó orí. Àgbẹ̀kọ̀yà, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, ní òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni àwọn máa san, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀mí ṣòfò kí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kò mówó wá, tí owó orí rẹ̀ ń ga, òun náà wà lára àwọn tó gbé ogun yẹn ró, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. N kò tíì ka ẹ̀mí àti dúkìá tó ṣègbé ní Ìlà Oòrùn, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan náà.

Owó tó ya wọlé lẹ́yìn ogun, epo rọ̀bì ló mú un wá. Ní 1956 ni wọ́n ti rí epo ní Olóíbírí, ogun sì dá fífà rẹ̀ dúró ni, kò yá a. Nígbà tí ogun Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì bẹ́ sílẹ̀ ní 1973, iye epo di bí ìlọ́po mẹ́rin. Àwa náà wá di Ìjẹ̀bú ìgbà Kírìjí: ẹlòmíràn ń jà, àwa ń tà. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ibo ni a fi owó náà sí? Ọmọ ogun tí kò ju bíi 10,000 lọ ní 1967 ti di bíi 250,000 nígbà tí ogun parí. Wọ́n nílò bárékè, bárékè nílò símẹ́ǹtì. Nínú tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 20 símẹ́ǹtì tí ìjọba ránṣẹ́ sí, mílíọ̀nù 16 jẹ́ ti iléeṣẹ́ ètò ààbò. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun l'Ékòó, èbúté Àpápá kò lè já ẹrù wọn. Ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá fi dúró ni à ń san owó ìdádúró. Ẹni tó gbé símẹ́ǹtì lásán-làsàn, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, tó sì dúró síbẹ̀, ó jèrè. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìṣirò orílẹ̀-èdè pé a náwó. Ilé wo ni owó ìdádúró kọ́?

Ibi tí mo dúró sí kò le. Bí ilé iṣẹ́ bá ti kú, tí ọwọ́ bá ń wá iṣẹ́, owó tí ìjọba ná á jí wọn, ìbáà jẹ́ sí ìbọn tàbí sí afárá. Ìyàtọ̀ wọn hàn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nígbà tí mọ́tò ń gba orí afárá tí ìbọn ń dípẹtà. Fún irú orílẹ̀-èdè tiwa, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbọn tí à ń rà, òkèèrè ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. A ní iléeṣẹ́ ohun ìjà ní Kàdúná láti 1964, síbẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun àti bọ́ǹbù, dọ́là la fi ń rà wọ́n. Iṣẹ́ tí ìnáwó náà dá sílẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ló ń ṣe é.

Mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí: ṣé kí a wá jẹ́ kí àwọn ajínigbé gba oko ni? Rárá o. Àgbẹ̀ tí kò lè sùn kò lè gbin. Nínú àbá ìṣúná 2025 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé síwájú ilé aṣòfin, ètò ààbò ló gba ipò kìíní pẹ̀lú tírílíọ̀nù 4.91 náírà, ẹ̀kọ́ gba 3.52, ìlera gba 2.48. Ó lè jẹ́ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Owó tí kò ṣe é má ná ni, bí owó ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bó ṣe ń pọ̀ ni a ń là. Ọdún tí a bá rí i tó dínkù nítorí pé ọ̀nà oko ti balẹ̀, ọdún yẹn ni mo máa gbà pé ó mú èrè wá.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ìnáwó ogun ni ìnáwó tí wọn kì í fẹ́ kí ọ̀dítọ̀ fọwọ́ kàn. Owó tí wọ́n ń pè ní security vote, tí gómìnà ń ná lóṣooṣù, ìwé rẹ̀ kì í sábà dé iwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní àṣírí ààbò ni. Oníṣòwò tó bá wí irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, mo máa mọ ohun tí mo máa kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba bá gbọdọ̀ ná an, kí wọ́n ná an. Ìnáwó ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n má pè é ní ìdókòwò, kí wọ́n sì jẹ́ ká rí rìsíìtì.